Ẹsẹ̀ tó ṣèṣe níbi kárátè: kí ẹ tó pe ẹni tó máa fà á

Ẹ̀yin olùgbọ́ wa ní Ṣáṣá, Ọ̀jọ́ọ̀, Mọ́níyà àti gbogbo agbègbè, ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa tó ń kọ́ kárátè àti tàèkọ́ńdò la gbé wá lónìí. Ẹ mọ̀ bó ṣe máa ń rí. Orí sìmẹ́ǹtì tàbí ilẹ̀ líle ni wọ́n ti ń ṣe é, láìwọ bàtà. Ẹnìkan á ta ẹnìkejì nípàá, egungun á pàdé egungun, ojúgun tàbí ọrùn ẹsẹ̀ á wú. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹnìkan nínú ilé á ti gbé omi gbígbóná àti òrí kalẹ̀, á ní, "Mú ẹsẹ̀ wá, jẹ́ n bá ẹ fà á."

Fífà yẹn gan-an ló máa ń dá kún ọ̀rọ̀. Bí ẹsẹ̀ bá rọ́ tàbí tó forí gbá, àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ kéékèèké á já nínú ẹran, ẹ̀jẹ̀ á máa jò síbẹ̀. Ooru àti fífà á jẹ́ kó jò sí i. Nítorí náà, fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta àkọ́kọ́, kò sí omi gbígbóná, kò sí róòbù, kò sí fífà. Ẹ jẹ́ kó dùbúlẹ̀, kí ẹ fi ìrọ̀rí gbé ẹsẹ̀ náà ga ju àyà lọ. Ẹ fi aṣọ wé píọ̀ wọ́tà tó ti dì, kí ẹ gbé e lé ibi tó wú fún ìṣẹ́jú 15 sí 20, kí ẹ sì gbé e kúrò. Ẹ má gbé e lé awọ ara lásán o. Ẹni tó bá ní fòníkú-fọ̀ladìde, kó yẹra fún omi dídì pátápátá, torí òtútù lè dá ìrora àìsàn náà sílẹ̀.

Omi dídì kì í ṣe ohun tí à ń gbé lé e láti àárọ̀ di alẹ́. Dókítà ará Amẹ́ríkà kan, Gabe Mirkin, ló sọ ọ́ di ohun tí gbogbo ayé ń ṣe nínú ìwé tó kọ lọ́dún 1978. Nígbà tó di 2014, òun fúnra rẹ̀ ló jáde wá sọ pé ó lè fa ìwòsàn sẹ́yìn. Ẹ lò ó láti fi dín ìrora kù, ó tán.

Báwo la ṣe máa mọ̀ bóyá ó ti kán? Ní ti ọrùn ẹsẹ̀, àwọn dókítà kan ní Ottawa, ní Kánádà, gbé ọ̀nà kan jáde lọ́dún 1992 tí ẹnikẹ́ni lè rántí. Ẹ ní kó gbé ìṣísẹ̀ mẹ́rin. Bó bá tiẹ̀ ń tiro, rírìn náà ni. Bí kò bá lè gbé mẹ́rin, tàbí tó pariwo nígbà tí ẹ tẹ ẹ̀yìn kókósẹ̀ rẹ̀ lọ́tùn-ún tàbí lósì, ó yẹ kó ya X-ray. Èyí tó bá wọ́, tàbí tí egungun yọ síta, ẹ má gbìyànjú láti nà án, ẹ má sì gbé e sórí ọ̀kadà. Ẹ fi páálí tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹ wá mọ́tò.

Ẹ má sì rò pé ẹni tí wọ́n ta nípàá nìkan ló ń kán lẹ́sẹ̀. Ní oṣù Kejìlá 2013, Anderson Silva ta Chris Weidman nípàá ní Las Vegas, Weidman gbé orúnkún pàdé rẹ̀, ojúgun Silva sì kán sí méjì. Ní 2021, Weidman náà ta ẹlòmíràn nípàá, tirẹ̀ náà kán bákan náà! Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n ṣe fún Silva, wọ́n fi irin sínú egungun rẹ̀, ó sì lé ní ọdún kan kó tó padà jà. Ẹsẹ̀ yẹn náà ló fi dojú kọ Israel Adéṣànyà, ọmọ wa tí wọ́n bí sí Èkó, ní 2019.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ àwọn tó ń to eegun. A ò bú wọn o, iṣẹ́ ìran ni, èèyàn púpọ̀ ló sì ti rìn padà láti ọ̀dọ̀ wọn. Ohun tó ń dẹ́rù bani ni ọparun tí wọ́n ń dì le mọ́ ẹsẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wú. Ẹ̀jẹ̀ ò ní ráyè kọjá, ẹsẹ̀ á kú, á wá di gígé. Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn dókítà ilẹ̀ wa ti ń kọ̀wé nípa èyí, àwọn ọmọdé ò sì gbẹ́yìn nínú àwọn tó ń bá wọn.

Kódà láìdì í, ìpá nìkan lè fà á. Bí ẹran ẹ̀yìn ojúgun bá le bí igi, tí ìrora náà ju ọgbẹ́ lọ, tí kò jẹ́ kí ẹ fọwọ́ kan ọmọ ìka ẹsẹ̀ òun, tí ẹsẹ̀ ń ṣe yìnrìnyìnrìn tàbí tó tutù, ẹ tú ohunkóhun tó wà lára rẹ̀, kí ẹ gbéra lọ sí ilé ìwòsàn ńlá bíi UCH lóru ọjọ́ yẹn. Láàárín nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà, ẹran ibẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Ẹ má sọ pé ó di àárọ̀. Olùkọ́ tó bá ń sọ fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ pé "fara dà á" ò mọ iṣẹ́ tó ń ṣe.

Ìgbà wo ló lè padà síbi ìdánrawò? Nígbà tó bá lè fi ẹsẹ̀ yẹn nìkan fò nígbà mẹ́wàá láìsí ìrora, bó ṣe lè fi èkejì fò. Kó kọ́kọ́ máa ta afẹ́fẹ́ nípàá ná, kó tó ta èèyàn. Àwọn tó ń fi ìgò tàbí igi yí ojúgun kó lè le, ẹ fi sílẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni egungun ń le, pẹ̀lú sísáré, fífò àti títa àpò nípàá, kì í ṣe nípa fífi igi lù ú. Ẹ̀yin òbí, kẹ́ ẹ tó ra bẹ́líìtì tuntun fún ọmọ, ẹ ra ìbòjúgun fún un.