Ara Yíyún Lẹ́yìn Mectizan
Èmi ni mo ń pín Mectizan, oògùn aràn tó ń fọ́ni lójú, ládùúgbò wa l'Ọ̀yẹ́-Èkìtì. Màmá kan ní, “Oògùn rẹ ló ń yún mi lára!” Òótọ́ ni, màmá. Kòkòrò dúdú kékeré ẹ̀bá odò ló ń kó aràn tó ń fọ́ni lójú ranni. Ọmọ aràn ni oògùn náà ń pa. Bí wọ́n ṣe ń kú ni ara ń yún, tí ojú lè wú. Oògùn náà kì í pa ìyá wọn, ó lè lo ju ọdún 10 lọ nínú ara. Ìdí nìyẹn tí a fi ń lò ó lọ́dọọdún. Ọ̀fẹ́ ni, ilé-iṣẹ́ apoògùn Merck ti ń fi tọrẹ láti 1987. Aboyún kì í lò ó. Bí èémí bá há tàbí òòyì ń kọ́ yín, ẹ lọ sílé ìwòsàn kíá.