Kìnnìún àti Àwọn Ìbátan Rẹ̀ tí Wọ́n Ti Parun

Gbogbo ẹni tí ń ka Bíbélì mọ̀ pé kìnnìún ń gbé ilẹ̀ Kénáánì nígbà àtijọ́. Sámúsónì pàdé ọ̀kan lẹ́bàá ọgbà àjàrà ní Tímúnà. Dáfídì gba ọ̀dọ́ àgùntàn lẹ́nu òmíràn. Bẹnáyà sì sọ̀ kalẹ̀ sínú ihò lọ pa ọ̀kan ní ọjọ́ yìnyín. Ṣùgbọ́n bí a bá rin ilẹ̀ náà já lónìí láti Dánì dé Bèéṣébà, a kì yóò rí ọ̀kan, àfi èyí tí a bá sé mọ́ inú ọgbà ẹranko. Níbo ni wọ́n lọ? Kí a tó dáhùn, ó yẹ kí a padà sẹ́yìn jìnnà réré, sí ìgbà tí ilé kìnnìún àti ti àwọn ìbátan rẹ̀ gbòòrò ju bí a ti rò lọ.

Ìbátan méjì ni a ó mẹ́nu kàn. Èkínní ni kìnnìún inú ihò àpáta. Ní 1810, amòye ará Jámánì kan, Goldfuss, fún un ní orúkọ láti ara agbárí tí a rí nínú ihò kan ní ilẹ̀ náà. Egungun irú rẹ̀ wà láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì já gbogbo Síbéríà, títí dé Àlásíkà ní Amẹ́ríkà. Àwọn amòye ṣírò rẹ̀ pé ó tó nǹkan bí 500,000 ọdún tí ìdílé rẹ̀ ti yà kúrò lára ti kìnnìún òde òní.

Ẹnìkan lè béèrè bí ẹranko ilẹ̀ ti ṣe la òkun kọjá. Ní ìgbà òtútù ńlá nì, omi púpọ̀ dì di yìnyín lórí ilẹ̀, òkun sì fà ju 100 mítà lọ, tó bẹ́ẹ̀ tí ilẹ̀ gbígbẹ fi so Síbéríà pọ̀ mọ́ Àlásíkà. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rìn ín.

Ìbátan kejì gbé ìhà gúúsù ibẹ̀: kìnnìún Amẹ́ríkà, tí ó tóbi ju kìnnìún òde òní lọ. Leidy ni ó sọ ọ́ lórúkọ ní 1853, láti ara egungun àgbọ̀n kan tí a rí ní Natchez, lẹ́bàá odò Mississippi. Ní Los Angeles, a ti wú egungun irú rẹ̀ púpọ̀ jáde láti inú kòtò ọ̀dà. Bí ẹranko kan bá há sínú ọ̀dà, kìnnìún a wá jẹ ẹ́, òun náà a sì há síbẹ̀.

Kì í ṣe egungun nìkan ni ẹ̀rí wa. Ní 1994 a rí ihò Chauvet ní ilẹ̀ Faransé, níbi tí àwọn ènìyàn ti ya àwòrán kìnnìún sára ògiri ní ohun tí ó ju 30,000 ọdún lọ. Akọ wọn pàápàá kò ní irun ọrùn gígùn. Ní 2017 àti 2018, a rí ọmọ wọn méjì nínú ilẹ̀ dídì ní Síbéríà, tìrun-tìrun. Èyí tí a pè ní Sparta ti kú láti nǹkan bí 28,000 ọdún, síbẹ̀ awọ ara rẹ̀ kò tíì jẹrà. Kí iye ọdún wọ̀nyí má ṣe kọ olùgbàgbọ́ kankan lóminú. Ìwé Jẹ́nẹ́sísì sọ fún wa Ẹni tí ó dá ẹranko ilẹ̀. Egungun ń sọ ibi tí wọ́n gbé.

Kí ni ó pa wọ́n run? Ní nǹkan bí 14,000 ọdún sẹ́yìn ni ti inú ihò àpáta tán. Ti Amẹ́ríkà tẹ̀ lé e. Ayé móoru, igbó àti àbàtà gba ilẹ̀ koríko, ẹṣin ìgbẹ́ àti ẹfọ̀n dínkù, àwọn ọdẹ sì ń pọ̀ sí i. Àwọn amòye kò fi ìwọ̀n kan náà wọn àwọn ìdí wọ̀nyí, ṣùgbọ́n èyí dájú: ẹranko tí ń jẹ ẹran kò lè pẹ́ ju ẹran tí ó ń jẹ lọ.

Kìnnìún tí ó ṣẹ́ kù ni ti Áfíríkà, tí ó tàn dé Kénáánì, Páṣíà àti Íńdíà, àti Makedóníà pẹ̀lú. Herodotus kọ ọ́ pé ní 480 ṣáájú ìbí Olúwa wa, kìnnìún kọlu àwọn ràkúnmí Xerxes ní ìhà ibẹ̀. Ọ̀pọ̀ amòye gbà pé ọba yìí ni Ahaswérúsì inú Ìwé Ẹ́sítérì. Díẹ̀díẹ̀ ni ènìyàn lé wọn tán. Ní nǹkan bí ọdún 1300 wọ́n tán ní Kénáánì. Ní 1942 a yìnbọn pa ọ̀kan nínú àwọn tí ó kẹ́yìn ní Mòrókò. Lẹ́yìn òde Áfíríkà, igbó Gir àti àyíká rẹ̀ ní Íńdíà nìkan ni wọ́n kù sí. 674 ni a kà níbẹ̀ ní 2020.

Ọ̀rọ̀ náà kàn wá ju bí a ti rò lọ. Ní 2017, àwọn amòye pín kìnnìún sí ẹ̀yà méjì, wọ́n sì fi ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sí ẹ̀yà kan náà pẹ̀lú ti Íńdíà, kì í ṣe pẹ̀lú ti gúúsù Áfíríkà. Nítorí náà, kìnnìún tí ń bẹ ní igbó ọba Káínjì, ní Yankari, àti ní Pendjari ní ilẹ̀ Benin, ìbátan tímọ́tímọ́ ni wọ́n jẹ́ sí èyí tí Sámúsónì pàdé. Ìwádìí tí a tẹ̀ jáde ní 2014 rí wọn ní ibi mẹ́rin péré ní gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, iye wọn kò sì ju nǹkan bí 400 lọ.

Ohun tí ó pa àwọn ìbátan wọn ti wà lẹ́nu ọ̀nà wọn. Oko ń jẹ igbó wọn; ọdẹ ń pa ẹfọ̀n àti àgbọ̀nrín tí í ṣe oúnjẹ wọn, àwa ará ìlú sì ń ra ẹran náà ní ọjà láìbéèrè ibi tí ó ti wá. Ẹni tí ó ra ẹran tí a jí pa nínú igbó ọba ti bá wọn pa kìnnìún, bí kò tilẹ̀ fọwọ́ kan ìbọn. Ẹ jẹ́ kí a kọ̀ ọ́ ní ọjà, kí a sì kọ́ àwọn ọmọ wa láti kọ̀ ọ́, nítorí Ọlọ́run fi ẹranko ilẹ̀ sí ìkáwọ́ ènìyàn, yóò sì béèrè wọn lọ́wọ́ wa.