Òdòdó Gbígbẹ Tó Ń Jẹ́rìí

Fọ́tò ewé kan wà lórí fóònù mi. Ìyá àgbà mi ló fi ewé náà hàn mí lóko, kí wọ́n tó papò dà. Mo yà á, àmọ́ mi ò kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ní báyìí, mi ò mọ̀ ọ́n mọ́.

Àwọn kan wà tó jẹ́ pé iṣẹ́ wọn ni láti má jẹ́ kírú èyí ṣẹlẹ̀. Ẹ jẹ́ ká wo àpẹẹrẹ kan ní Kalifọ́níà, nílẹ̀ Amẹ́ríkà. Òkè Panamint wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Death Valley, aṣálẹ̀ tí ooru ibẹ̀ kì í ṣe kékeré. Lórí òkè yẹn nìkan ni òdòdó tí wọ́n ń pè ní Panamint daisy ti ń hù. Ó yẹ́lò, ó lè fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́, irun funfun wẹ́wẹ́ sì bo ewé rẹ̀, tó ń gbà á lọ́wọ́ oòrùn.

Lọ́dún 1891, onímọ̀ ewéko kan, Frederick Coville, bá ikọ̀ ìjọba lọ síbẹ̀ láti kó ewéko jọ. Orúkọ rẹ̀ ló wà nínú orúkọ sáyẹ́ǹsì òdòdó náà: Enceliopsis covillei.

Báwo ni wọ́n ṣe ń tọ́jú ewéko? Wọ́n á tẹ̀ ẹ́ sáàárín ìwé ìròyìn títí á fi gbẹ, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ páálí, wọ́n á wá lẹ ìwé pélébé kan mọ́ ọn: ta ló já a, lọ́jọ́ wo, níbo gan-an? Torí pé àwọ̀ lè ṣá, wọ́n á kọ ìyẹn náà.

Ìwé pélébé yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Ó ti lé ní ọdún 140 tí àwọn awakùsà ti ń wá fàdákà àti wúrà lórí òkè Panamint. Bí òdòdó náà bá pa rẹ́ ní àfonífojì kan, ẹnikẹ́ni lè sọ pé kò síbẹ̀ rí. Ìwé pélébé ló máa já a nírọ́. Ọjọ́ ara rẹ̀ tún lè jẹ́ ká mọ̀ bóyá òdòdó ti ń tètè yọ ju ti àtijọ́ lọ.

Àmọ́ ẹ fiyè sí i: ibi tẹ́sẹ̀ èèyàn dé nìkan ni àkọsílẹ̀ ń dé. Pé a ò rí àkọsílẹ̀ ibì kan ò sọ pé òdòdó ò sí níbẹ̀.

Irú ilé ìpamọ́ bẹ́ẹ̀ wà n'Ìbàdàn náà, Forest Herbarium. Ewéko gbígbẹ tó wà níbẹ̀ lé ní 100,000. Tẹ́ ẹ bá ya ewé, ẹ kọ ọjọ́, ibi tẹ́ ẹ ti rí i àti orúkọ táwọn àgbà ń pè é. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bíi tèmi. Ó dìgbà.