Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kun mọ́tò yín? Oṣù kan àkọ́kọ́ ni kí ẹ ṣọ́ra jù

Ọjọ́ kẹta tí mo gba Corolla mi lọ́wọ́ péńtà ni mo fi ọwọ́ ara mi bà á jẹ́.

Owó àjọ oṣù mẹ́fà ni mo kó lé e lórí. Kí n tó gbé e lọ, ọ̀dà ti ń bó lára bọ́ńẹ́ẹ̀tì bí awọ ejò, àwọn tí mo bá lọ fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò á wo mọ́tò, wọ́n á tún wo èmi náà. Nígbà tó jáde ní ṣọ́ọ̀bù, ńṣe ló ń dán yinrin-yinrin bíi góòlù tó jẹ́ àwọ̀ rẹ̀. Oṣù Kejìlá ni, ọyẹ́ ti dé sí Ìbàdàn, eruku sì ń fẹ́ káàkiri. Mo ní eruku kankan ò ní bà lé mọ́tò yìí. Mo ra tàpólì tuntun, mo fi bò ó, mo so ó mọ́lẹ̀ dáadáa.

Nígbà tí mo máa ṣí i láàárọ̀, tàpólì ti lẹ̀ mọ́ orí mọ́tò. Mo rọra ká a kúrò. Gbogbo ilà ara tàpólì ti tẹ̀ sára ọ̀dà, bí ìgbà téèyàn sùn lórí ẹní tí ilà ẹní wá hàn lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀.

Mo sáré padà sọ́dọ̀ péńtà. Ó wò ó, ó mirí. "Ẹ̀gbọ́n, ta ló ní kí ẹ bò ó?"

"Ṣé ìwọ sọ fún mi pé kí n má bò ó ni?"

"Ẹ ò bèèrè."

Inú bí mi o, àmọ́ òótọ́ ló sọ. Mo ti fi odidi ọ̀sẹ̀ kan ná owó iṣẹ́ yẹn, mi ò fi ìṣẹ́jú márùn-ún bèèrè ohun tí mo máa ṣe lẹ́yìn tí mọ́tò bá jáde.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Ẹ rántí ògì gbígbóná tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rò sínú abọ́. Tí ẹ bá gbé e kalẹ̀ díẹ̀, ojú rẹ̀ á ti dì, á dà bíi pé ó ti tutù. Ẹ ki ṣíbí bọ̀ ọ́, ẹ fi kan ahọ́n, ẹ máa pariwo. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀dà mọ́tò. Ojú ló kọ́kọ́ ń gbẹ, inú ṣì rọ̀.

Puráímà ló wà nísàlẹ̀, àwọ̀ ló tẹ̀ lé e, klíà ló wà lókè pátápátá. Klíà yìí ló ń dán, òun náà ló ń gba oòrùn àti òjò fún àwọ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ nípọn ju irun orí kan lọ. Kí péńtà tó fín in, ó máa po hádínà àti tínà mọ́ ọn. Tínà ló ń jẹ́ kó ṣàn, ó sì gbọ́dọ̀ fẹ́ jáde tán. Hádínà ló ń mú klíà, tí wọ́n á jọ di ohun kan tó le. Iṣẹ́ méjèèjì yìí kì í parí lọ́jọ́ kan. Tàpólì tí mo dì mọ́ ọn kò jẹ́ kí tínà ríbi gbà, ìrì òru náà há sábẹ́ rẹ̀.

Ẹ lè ní, mọ́tò tó ń ti ilé iṣẹ́ bọ̀ ńkọ́? Ìyẹn yàtọ̀. Páànù lásán ni wọ́n ń kùn níbẹ̀, kí táyà, wáyà àti àga tó wọ inú rẹ̀, wọ́n á wá tì í sínú ààrò tó gbóná tó nǹkan bí 140°C. Ẹ dán ìyẹn wò pẹ̀lú mọ́tò tó ti ń rìn, rọ́bà àti páláńsítíkì rẹ̀ á bàjẹ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn ṣọ́ọ̀bù tó ní ààrò fi máa ń lo nǹkan bí 60°C fún ìṣẹ́jú 30. Ó ń ṣèrànwọ́ gan-an. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n kùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì bíi tèmi, oòrùn ni ààrò rẹ̀.

Bàbá péńtà kan ló bá mi tún orí mọ́tò náà ṣe, owó mìíràn sì ni. Bàbá ní kí n má fi ọwọ́ kàn án títí ọjọ́ kan á fi pé, kí n má fọ̀ ọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, kí n má sì fi wáàsì kankan pa á fún oṣù kan sí méjì. Ti wáàsì yìí ló yà mí lẹ́nu, torí mo ti ra tèmi sílẹ̀. Àṣé wáàsì ń dí ojú klíà, tàpólì tí a kò rí ni. Tí péńtà fúnra rẹ̀ bá fi kọ́ḿpáǹdù ra á kó lè dán, ìyẹn kò burú. Ńṣe nìyẹn ń fá a, kì í dí i.

Tí ọ̀sẹ̀ kan bá pé, ẹ fọ̀ ọ́ fúnra yín. Mi ò bá àwọn ọmọ tó ń fọ mọ́tò jà, àmọ́ kànìnkànìn tí wọ́n fi fọ táyà ni wọ́n máa fi fọ bọ́ńẹ́ẹ̀tì yín, pẹ̀lú ọṣẹ ìfọṣọ oníyẹ̀fun, wọ́n á tún wá fi ẹ̀rọ fọ́n omi lù ú. Ọ̀dà tuntun kò lè gba gbogbo ìyẹn. Ẹ wá ibòji, ẹ jẹ́ kí páànù tutù, torí omi tó bá gbẹ lójú oòrùn á fi àmì sílẹ̀. Bọ́kẹ́ẹ̀tì méjì, ọ̀kan fún ọṣẹ ìfọmọ́tò, ìkejì láti fi ṣan aṣọ. Aṣọ náà gbọ́dọ̀ rọ̀.

Eruku ọyẹ́ wá ńkọ́? Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀. Yanrìn wẹ́wẹ́ ni, tí ẹ bá fi àkísà gbígbẹ nù ún, sándípépà lẹ ń fà lára ọkọ̀ yẹn. Omi ni kí ẹ kọ́kọ́ dà sí i.

Ibi tí ẹ ń páàkì sí tún ṣe pàtàkì. Oje igi máńgòrò, èso igi fúrúùtù, ìgbẹ́ lékeléke àti ti àdán, gbogbo wọn ló ń jẹ klíà tó ṣì rọ̀. Ìgbẹ́ ẹyẹ ò dúró dọ̀la, kódà tí ọ̀sẹ̀ kan kò bá tíì pé. Ẹ fi omi rẹ ẹ́ títí á fi rọ̀, ẹ má ha á. Tí wọ́n bá ń ta epo fún yín, ẹ ní kí wọ́n má kún un dé ẹnu. Epo tó bá dà sílẹ̀, ẹ fi omi ṣàn án kíá.

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń jókòó sórí bọ́ńẹ́ẹ̀tì ya fọ́tò, mo ti rí yín. Bọ́tìnnì jíìnsì ò mọ ọ̀dà tuntun. Sítíkà àti téèpù tí wọ́n fi ń so ríbọ́ọ̀nù ìgbéyàwó náà, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ fún bí oṣù méjì.

Ohun kan wà tí àbójútó kankan kò lè tún ṣe o. Àwọn péńtà kan máa ń dín hádínà kù kí owó lè ṣẹ́kù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ fi èékánná tẹ ọ̀dà náà níbi kọ́lọ́fín kan, bíi etí inú ilẹ̀kùn. Tó bá ṣì ń gba àmì, ẹ gbé e padà lọ bá a. Ìdí nìyẹn tó fi dáa kí ẹ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tó máa pò ó, kí ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára agolo.

Kí ẹ tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ gba ìyókù àwọ̀ tí wọn kò tíì po nǹkan mọ́, torí ọlọ́kadà kan á ṣáà fi nǹkan ha mọ́tò yín lọ́jọ́ kan, àtirí àwọ̀ tó bá a mu kì í rọrùn. Inú ìgò oyin ni mo rọ tèmi sí, mo dé e pa, mo gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù níbi tọ́wọ́ àwọn ọmọ ò lè dé. Àwọ̀ rẹ̀ jọ oyin gan-an, torí náà ni mo ṣe kọ "ọ̀dà ni o" gàdàgbà sí i lára, nítorí ìyàwó mi.