Èjìká Tí Ó Le Lẹ́yìn Iṣẹ́ Abẹ

Ẹ̀yin ará mi ní Òkè-Àró, pàápàá ẹ̀yin tí ń sin ẹlẹ́dẹ̀, tí ẹ sì ń gbé àpò oúnjẹ wọn láti òwúrọ̀ di alẹ́, ọ̀rọ̀ èjìká kì í ṣe àjèjì sí yín. Iṣan mẹ́rin ni Ẹlẹ́dàá fi yí orí egungun apá ká, kí ó má bàa yọ kúrò ní ipò rẹ̀. Bí ọ̀kan nínú wọn bá já, ìbáà ṣe nípa ẹrù wíwúwo, tàbí ìṣubú, tàbí ọjọ́ orí, apá kò ní lè gòkè bí ó ti yẹ mọ́. Nígbà mìíràn oníṣègùn a sì fi òwú rán iṣan náà mọ́ egungun padà.

Ṣùgbọ́n ohun tí ń tẹ̀lé e ni ó ń ba ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́rù. Ojú abẹ ti jinná, síbẹ̀ ọwọ́ kò dé orí láti ya irun, kò dé ẹ̀yìn láti so aṣọ, bẹ́ẹ̀ ni kò ṣeé nà sókè nínú ilé Ọlọ́run. Wọn a ní iṣẹ́ abẹ náà ti bàjẹ́, wọn a sì gba ọ̀dọ̀ ẹni tí yóò fa ọwọ́ náà pẹ̀lú ipá. Èyí gan-an ni mo fẹ́ kìlọ̀ fún yín.

Ẹ kíyèsí ìdí rẹ̀. Iṣan tí a rán ń fẹ́ ìsinmi. Nítorí náà ni a ṣe ń fi aṣọ gbé ọwọ́ kọ́ ọrùn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà. Oríkèé ní tirẹ̀ kò fẹ́ ìsinmi rárá: àpò tí ó bò ó a máa súnkì, a sì máa nípọn, bí awọ tútù tí a sá sí oòrùn. Ìsinmi kan náà tí ó gba iṣan là ni ó mú oríkèé le. Ẹni tí iṣan rẹ̀ tún já, agbára ni kò ní, ẹlòmíràn sì lè gbé apá náà sókè fún un. Ṣùgbọ́n ẹni tí oríkèé rẹ̀ le, apá náà kò ní gòkè bí ẹlòmíràn tilẹ̀ gbé e. Oníṣègùn ni kí ó dán èyí wò, kì í ṣe aládùúgbò. Àwọn tí ó ní àtọ̀gbẹ ni líle yìí máa ń bá jù.

Codman, oníṣègùn ará Amẹ́ríkà kan, tí ó kọ ìwé ńlá lórí èjìká ní 1934, kọ́ni ní ọ̀nà kan tí a ṣì ń lò. Kí aláìsàn tẹ̀ síwájú, kí ó fi ọwọ́ tí ó dá dìrọ̀ mọ́ tábìlì, kí ó sì jẹ́ kí èkejì rọ̀ sílẹ̀, kí ó máa fì jẹ́jẹ́ bí ahọ́n agogo ṣọ́ọ̀ṣì. Lẹ́yìn náà, nígbà tí a bá yọ̀ǹda fún un, kí ó máa fi ìka gun ògiri díẹ̀díẹ̀. A lè kọ́kọ́ fi aṣọ tí a rẹ sínú omi gbígbóná jó èjìká náà. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́, fún ìṣẹ́jú díẹ̀, sàn ju wákàtí kan lọ́jọ́ Sátidé. Ìrora díẹ̀ kò burú. Èyí tí ó bá wà títí di alẹ́ ti pọ̀ jù.

Àwọn tí ń tọ́jú ara nípa ìdárayá, tí a ń pè ní físíò, ni ó yẹ kí ó darí iṣẹ́ yìí. Wọ́n wà ní Ilé-ìwòsàn Egungun ní Ìgbóbì, tí a dá sílẹ̀ ní 1945 fún àwọn ọmọ ogun tí ó fara gbọgbẹ́. Yunifásítì Ìbàdàn sì ti ń kọ́ irú wọn láti 1966. Ọ̀nà jìn, owó ọkọ̀ sì wọ́n, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá lọ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ láti gba ẹ̀kọ́, tí ó sì ń ṣe é nílé lójoojúmọ́, kò pàdánù.

Nínú oṣù mẹ́fà sí ọdún kan, ọ̀pọ̀ èjìká yóò tú. Bí kò bá tú, oníṣègùn lè fún un ní abẹ́rẹ́ sínú oríkèé, tàbí kí ó fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ gé àpò tí ó súnkì náà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ibà bá dé, tí ojú abẹ pọ́n tàbí tí ó ń ṣọyún, kí a má ṣe dúró di ọ̀la.

Ní ti àpò oúnjẹ ẹlẹ́dẹ̀, kí ó wà nílẹ̀ títí oníṣègùn yóò fi sọ pé ó tó. Ó lè tó oṣù mẹ́fà. Ẹ fi ọ̀wẹ̀ gbé e fún ẹni náà, kí agbo ẹran rẹ̀ má bàa pa ebi.