Ọmọ Yín Ń Wáṣẹ́? Ẹ Gbọ́ Ohun Tí Ẹni Tó Ń Gbani Síṣẹ́ Ń Wò

  

Ní ìpàdé wa tó kọjá, ọ̀rọ̀ kan jáde tó mú kí gbogbo ilé pa rọ́rọ́. Ọ̀kan nínú wa dìde, ó ní òun kò rí owó tí òun yá nínú àpò ẹgbẹ́ san. A rò pé ọjà ló bà jẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Àṣé kì í ṣe ọjà. Ọkùnrin kan ló sọ fún un pé òun mọ ọ̀gá tó máa fi ọmọ rẹ̀ sí iṣẹ́ ìjọba. Ó gba owó fọ́ọ̀mù, ó gba owó ọ̀gá, ó tún padà wá gba owó mọ́tò. Títí di bí a ṣe ń kọ ìwé yìí, ọmọ kò ríṣẹ́, ọkùnrin náà kò sì gbé fóònù mọ́.

A bá ìyá náà kẹ́dùn, a sì fún un láyè kó máa san án díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ ní kí a kọ nǹkan lórí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ wíwá, nítorí èwo nínú wa ni kò ní ọmọ tó jókòó sílé pẹ̀lú sátífíkéètì? Àwa tí a jọ kọ ọ́ yìí, agbanisíṣẹ́ ni wá níwọ̀nba tiwa. Àwọn kan nínú wa ní ṣọ́ọ̀bù aṣọ, àwọn kan ní ilé oúnjẹ, àwọn kan ń ta ìkòkò àti abọ́. Ọ̀kan nínú wa ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì kó tó fẹ̀yìn tì, ó sì wà lára àwọn tó máa ń bi àwọn tó ń wáṣẹ́ ní ìbéèrè. Ohun tí à ń rí láti ìdí tábìlì lọ́hùn-ún la fẹ́ sọ fún yín, kí ẹ lè kà á sétí àwọn ọmọ.

ÌBÉÈRÈ KAN ṢOṢO

Bí a bá fẹ́ gba ẹni tí yóò dúró sí ṣọ́ọ̀bù, ohun tó wà lọ́kàn wa kò ju ẹyọ kan lọ: bí mo bá lọ ra ọjà ní Lọ́kọ́ja, tí mo fi kọ́kọ́rọ́ sọ́wọ́ ọmọ yìí, ṣé màá bá owó àti ọjà mi bí mo ṣe fi í sílẹ̀? Ó tán. Àwọn ọ́fíìsì ńlá náà, ìbéèrè yìí ni wọ́n ń bèèrè, gírámà ni wọ́n fi ń wé e. Ṣé ẹni yìí lè ṣe iṣẹ́ náà? Ṣé a lè fọkàn tán an? Ṣé yóò dúró? Bí ọmọ bá ti mọ̀ pé èyí ni wọ́n ń wò, yóò mọ ohun tó yẹ kó kọ àti ohun tó yẹ kó sọ.

ÌWÉ PỌ̀, ÀYÈ KÒ TÓ NǸKAN

Ẹ rántí ọjọ́ 15 oṣù Kẹta ọdún 2014, nígbà tí ilé iṣẹ́ Immigration pe àwọn tó ń wáṣẹ́ jọ sí pápá ìṣeré káàkiri Nàìjíríà. Àwọn tó forúkọ sílẹ̀ lé ní 500,000, bẹ́ẹ̀ àyè tó wà kò tó 5,000. Wọ́n sì ti gba ₦1,000 lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Èrò ya lu ara wọn ní Abuja, ní Port Harcourt, ní Minna àti ní Benin, ó kéré tán ènìyàn 15 ló kú. Ìyá ló bí gbogbo wọn.

Ẹ ṣírò rẹ̀ wò: ènìyàn tó lé ní 100 ló ń du ipò kan. Ẹni tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ bá kún iwájú rẹ̀, kì í kọ́kọ́ wá èyí tó dára. Èyí tí yóò yọ kúrò ló kọ́kọ́ ń wá, kí iṣẹ́ rẹ̀ lè fúyẹ́. Lẹ́tà tí kò ní nọ́ńbà fóònù, ó yọ. Lẹ́tà tí wọ́n dà kọ, tí orúkọ ilé iṣẹ́ mìíràn ṣì wà nínú rẹ̀, ó yọ. Wọ́n ní kí ẹ mú ìwé wá kó tó di ọjọ́ Jímọ̀, ọmọ mú un wá ní ọjọ́ Ajé, ó yọ. Kì í ṣe ìkà. Ẹni tó ń ṣa ẹ̀wà, òkúta ló kọ́kọ́ ń mú jáde.

Ohun tó ń yọ ọ̀pọ̀ ọmọ wa ni orúkọ. Nínú ìwé WAEC, Oluwaṣọla. Nínú ìwé ọjọ́ ìbí, Ṣọla. Nínú NIN, wọ́n fi orúkọ bàbá ṣíwájú, ọjọ́ ìbí sì tún yàtọ̀. Ẹni tó ń ka ìwé kò mọ̀ pé ẹnì kan náà ni. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ kó gbogbo ìwé wọn jọ sórí ẹní lónìí, kí wọ́n fi wé ara wọn. Èyí tó bá yàtọ̀, kí wọ́n lọ tún un ṣe, kí wọ́n sì búra ní kóòtù bó bá gba bẹ́ẹ̀, kó tó di ọjọ́ tí wọ́n máa pè wọ́n. Bákan náà, kí wọ́n lọ gba ìwé tí ìjọba ìbílẹ̀ Kabba/Bunu tàbí tiwọn fi ń jẹ́rìí pé ọmọ ibẹ̀ ni wọ́n. Ẹni tó bá jáde ní yunifásítì tàbí pólì, kó tọ́jú ìwé àgùnbánirọ̀ rẹ̀ dáadáa, nítorí ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì kò ní gbọ́rọ̀ rẹ̀ láìsí i.

Ẹ MÁ FI ỌJÀ PAMỌ́

Èyí ló dùn wá jù lọ. Ọmọ wa ti bá wa jókòó nídìí àtẹ láti ìgbà tó ti wà ní pírámárì. Ó mọ owó kà, ó mọ oníbàárà tó ń san àti èyí tó ń sá. Ṣùgbọ́n bó bá fẹ́ kọ CV, yóò kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun kò tíì ṣiṣẹ́ rí. Ojú ń tì í láti sọ pé ọmọ aláta lòun. Nígbà mìíràn àwa ìyá gan-an la máa ń sọ pé, "Má dárúkọ ọjà níbẹ̀ o, wọn ò ní fojú ọ̀mọ̀wé wò ọ́."

Dípò bẹ́ẹ̀, yóò kọ ọ́ pé òṣìṣẹ́ takuntakun ni òun, olóòótọ́ sì ni òun. Gbogbo ayé ló ń kọ bẹ́ẹ̀. Ta ló máa kọ ọ́ pé ọ̀lẹ ni òun? Irú ọ̀rọ̀ yìí kì í dúró lójú ẹni tó ń kà á. Ṣùgbọ́n bó bá kọ báyìí ńkọ́: "Láti 2019 sí 2023 ni mo fi bá ìyá mi ta elùbọ́ àti gàrí ní ọjà Kàbbà. Èmi ni mo ń ka àpò tí ọkọ̀ bá já. Èmi ni mo ń kọ owó àwìn sínú ìwé. A jọ ń ṣírò èrè ní alẹ́ Sátidé." Ẹni tó fẹ́ gbani yóò gbé ojú sókè, nítorí ó ti rí ẹni tó fọwọ́ kan owó olówó tí kò sì gbé e sá. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ rode.

Ọ̀kan nínú wa wá ẹni tí yóò bá òun ta ìkòkò ní ọdún tó kọjá. Ọmọbìnrin méjì ló wá. Èkíní ní HND, èkejì parí sẹ́kọ́ńdírì. Ó ní kí àwọn méjèèjì ka ọjà tó wà lórí pẹpẹ. Èkíní kà á, ó ní, "Ó pé, mà." Èkejì kọ ọ́ sínú ìwé pélébé: ìkòkò 24, ọ̀kan sán, ìdérí 2 kò sí. Ẹ ti mọ ẹni tó gbà. Kì í ṣe pé ìwé kò dára o. Ìwé ló ń mú ni dé ẹnu ọ̀nà, ṣùgbọ́n ohun tí ọwọ́ lè ṣe ló ń mú ni wọlé.

ỌJỌ́ TÍ WỌ́N BÁ PÈ É

Bó bá jẹ́ Lọ́kọ́ja tàbí Ọ̀bàjànà ni wọ́n ti pè é, kó má fi òwúrọ̀ ọjọ́ náà rìn bó bá ní ẹbí tó lè sùn sí lọ́dọ̀. Ọkọ̀ lè bà jẹ́, ẹni tó sì pẹ́ dé ti fi ẹsẹ̀ dáhùn ìbéèrè kó tó la ẹnu. Aṣọ kò ní láti jẹ́ tuntun. Kó ṣáà mọ́, kí a lọ̀ ọ́. Kó kí gbogbo ẹni tó bá bá níbẹ̀, títí kan ẹni tó ń ṣọ́ géètì. A máa ń bi irú wọn léèrè lẹ́yìn náà o: "Báwo ni ọmọ yẹn ṣe bá ẹ sọ̀rọ̀?"

Bí wọ́n bá bi í ní ohun tí kò mọ̀, kó sọ pé òun kò tíì mọ̀ ọ́n, kó sì sọ ohun tí òun ń ṣe láti mọ̀ ọ́n. Irọ́ lórí kọ̀ǹpútà kì í pẹ́, wọ́n á ní kó jókòó síwájú rẹ̀ ni. Bí wọ́n bá bi í léèrè ìdí tó fi kúrò níbi tó wà tẹ́lẹ̀, kó má bú ọ̀gá àtijọ́. Bó bá bú ẹni àná lójú wa, a mọ̀ pé a óò gba tiwa lọ́la. Kí òun náà béèrè pé: kí ni iṣẹ́ mi gan-an? Ta ni màá máa jábọ̀ fún? Èló ni owó oṣù? Ó tọ́ kó béèrè owó, ṣùgbọ́n kó jẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gbọ́ ohun tó lè ṣe.

Ojúlówó ìwé ẹ̀rí, kó fi hàn wọ́n kó sì mú un padà sílé. Fọ́tòkọ́pì ni kó fi sílẹ̀. Onídùúró rẹ̀ náà, kó ti lọ bá a ṣáájú. A ti pe onídùúró rí tó ń bi wá pé, "Ta lẹ ní ó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?" Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ parí sí.

Ọ̀NÀ KAN KÒ WỌ ỌJÀ

Ní 1973, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, Mark Granovetter, kọ ìwé kan tó lókìkí. Ó ti lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ní ìlú kan nítòsí Boston bí wọ́n ṣe gbọ́ nípa iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe. Nínú àwọn tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tí wọ́n mọ̀, ọ̀pọ̀ jù lọ kò gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀rẹ́ tí wọ́n ń rí lójoojúmọ́. Ẹnu ẹni tí wọ́n ń rí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ti gbọ́ ọ. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro: ohun tí ọ̀rẹ́ wa mọ̀ làwa náà mọ̀, ẹni tó ti ọ̀nà jíjìn wá ló ń gbọ́ ohun tí àwa kò gbọ́.

Ta ló ní irú ojúlùmọ̀ bẹ́ẹ̀ tó àwa ọlọ́jà? Dírẹ́bà tó ń kó ọjà wa, oníbàárà tó ń wá láti Ìjùmú, Búnú, Ìyàgbà àti Ọ̀wọ́rọ̀, nọ́ọ̀sì tó ń ra ẹ̀fọ́ lọ́wọ́ wa, tíṣà tó ń jẹ àwìn. Ẹ bi wọ́n pé, "Ṣé wọ́n ń wá ènìyàn níbi iṣẹ́ yín? Kí ni wọ́n ń béèrè?" Èyí kì í ṣe ẹ̀bẹ̀, kì í sì í ṣe àbẹ̀tẹ́lẹ̀. Ìròyìn lẹ̀ ń béèrè, ọmọ fúnra rẹ̀ ni yóò lọ fi ara rẹ̀ hàn. Ọmọ tó bá ṣípá ni ìyá rẹ̀ ń gbé.

Kí àwọn ọmọ sì má fojú rénà iṣẹ́ ọwọ́. Àjọ NDE, tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1986, ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ níṣẹ́. Ẹ rán wọn lọ béèrè ní Lọ́kọ́ja.

OWÓ TÍ A KÌ Í SAN

Ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Ẹni tó fẹ́ gbà ọ́ síṣẹ́, òun ló máa san owó fún ọ. Bí owó bá ń ti ọwọ́ ẹni tó ń wáṣẹ́ jáde lọ sápò ẹnì kan, ọjà ni wọ́n ń tà, ọjà náà kò sì sí lórí àtẹ. Òfin iṣẹ́ ní Nàìjíríà sọ pé ẹni tó bá fẹ́ máa kó òṣìṣẹ́ fún àwọn ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ ìjọba. Ẹ ní kó fi hàn yín. Bó bá ní ìlú òkèèrè lòun ń mú ọmọbìnrin yín lọ, tí kò sì fẹ́ kí bàbá gbọ́, ẹ sáré lọ sọ fún ọlọ́pàá tàbí NAPTIP, àjọ tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 2003 láti gbógun ti àwọn tó ń kó ènìyàn tà.

Àwa tí a ń gbani náà ní ẹjọ́ tiwa. Òfin kan náà sọ pé kó tó pé oṣù 3 tí òṣìṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, kí a kọ àdéhùn rẹ̀ sínú ìwé fún un: iṣẹ́ tó ń ṣe, owó rẹ̀, àti ìgbà tí a óò máa san án. Mélòó nínú wa ló ń ṣe é? Owó oṣù ₦70,000 tí ìjọba fọwọ́ sí ní oṣù Keje 2024 kò de ẹni tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25, ṣùgbọ́n ìyẹn kò ní ká má sọ iye tí a óò san, ká má sì san án lásìkò. Bí a bá fẹ́ kí ẹlòmíràn ṣe ọmọ wa dáadáa, ká ṣe ọmọ ẹni ẹlẹ́ni dáadáa.

OHUN TÍ ÌGBÌMỌ̀ PINNU

Láti ìsinsìnyí lọ, ẹgbẹ́ kò ní yá ẹnikẹ́ni lówó láti fi ra iṣẹ́. Bó bá jẹ́ owó irinṣẹ́, ẹ̀rọ ìránṣọ tàbí owó ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ni, ẹ wá, a óò gbọ́ ọ. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ bá kọ lẹ́tà ìwáṣẹ́, kó mú un wá lọ́jọ́ ìpàdé. A óò bá a kà á, a óò sì sọ òótọ́ fún un. Ọ̀fẹ́ ni.

Ìyá wa tí wọ́n gba owó rẹ̀ ti mú lẹ́tà ọmọ rẹ̀ wá. Ìlà àkọ́kọ́ tí a ní kó fi kún un ni pé ó ti bá ìyá rẹ̀ tajà fún ọdún 6. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó ní òun kò mọ̀ pé ìyẹn ń jẹ́ iṣẹ́.

Iṣẹ́ ni o. Okun o, ẹ̀yin ìyá wa. Àwọn ọmọ á ríṣẹ́.