Àpò Tí Ọdẹ Ń Wọ̀ Sùn: Ohun Tí Òru Mẹ́ta Nínú Ìgbẹ́ Kọ́ Mi

Àwọn àgbà ní ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bí ó bá rí ekòló, sísá ni yóò sá. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ èmi àti àpò àwọ̀sùn, èyí tí àwọn tí ń tà á ń pè ní "sleeping bag". Bí mo bá rí i lọ́jà lónìí, kí n tó béèrè iye tí wọ́n ń tà á, síìpù rẹ̀ ni n óò kọ́kọ́ fà wò. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀ fún yín.

Olùkọ́ ni mí ní Òkè-Ògùn, ilé ọdẹ ni wọ́n sì bí mi sí. Nígbà tí mo jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́, n kò torí ṣọ́ọ̀kì fi ìbọn sílẹ̀. Bí a bá ti gba ìsinmi Kérésìmesì, èmi àti àbúrò ìyá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Ọdẹ, a óò lọ dẹ̀gbẹ́. A kì í dé ọgbà ẹranko Old Oyo, tí ìjọba àpapọ̀ ti sọ di ọgbà orílẹ̀-èdè láti ọdún 1991; ìgbẹ́ àwọn àbúlé wa ni a ń dẹ. Adẹ̀gbẹ́ kì í ṣe ọdẹ tí ń padà wá sùn sílé. Òru mẹ́rin, òru márùn-ún, ohun gbogbo tí yóò lò, orí àti èjìká rẹ̀ ni ó wà: ìbọn, ẹ̀tù, àdá, gàrí, omi. Bí Ọlọ́run bá sì ṣe é ní oore, ẹran yíyan yóò kún ẹrù àbọ̀. Nítorí náà, kí ohun ìbora ọdẹ fúyẹ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ fáàrí.

Síbẹ̀, ọdẹ kò gbọdọ̀ ṣàìní ohun ìbora. Ní àsìkò ọyẹ́, oòrùn ọ̀sán a máa ta ni lára, ṣùgbọ́n kí ilẹ̀ tó mọ́, òtútù a máa gbọn ènìyàn jìgìjìgì. Ooru lè já sí nǹkan bí 15 tàbí 18 lórí òṣùwọ̀n Celsius tí a ń lò.

Ní oṣù Ọ̀pẹ ọdún 2023, mo rí àpò àwọ̀sùn kan lọ́dọ̀ àwọn tí ń ta òkìrìkà. Mo ka àlẹ̀mọ́ rẹ̀, mo rí 20. Mo ní ó parí, òru wa kò kúkú jìnnà sí 20. Mo sanwó. Nígbà tí Bàbá Ọdẹ rí i, ó wò ó títí, ó ní, "Tíṣà, ṣé ènìyàn ni wọ́n ń dì sínú èyí ni, àbí ìrẹsì?" Mo rẹ́rìn-ín. Òun ká ẹní rẹ̀, ó mú kúbùsù rẹ̀ àtijọ́, a bá ọ̀nà lọ.

Etí odò ni a pàgọ́ sí. Ní òru àkọ́kọ́, mo làágùn bí ẹni tí ń gún iyán. Mo ṣí àpò, òtútù kọ lù mí. Mo pa á dé, ooru tún bò mí. Nígbà tí yóò fi di alẹ́ ọjọ́ kejì, àágùn àti ìrì ti rin ìyẹ́ pẹ́pẹ́yẹ tí ó wà nínú rẹ̀. Ó ṣù di kókó-kókó, ibi púpọ̀ nínú àpò náà sì di aṣọ lásán.

Ní òru kẹta, ìjàlọ dé. Ẹni tí ìjàlọ bá ti ká mọ́ ojú oorun rí kò ní béèrè ohun tí mo ń sọ. Bàbá Ọdẹ ta kúbùsù dànù, ó ti wà lórí ìdúró. Èmi fa síìpù, ó há mọ́ aṣọ. Mo tún un fà, ó kọ̀. Ìjàlọ ti dé ọrùn mi, wọ́n ti dé etí. Ọ̀bẹ ni Bàbá Ọdẹ fi la àpò náà láti àyà dé ẹsẹ̀, ó sì fà mí yọ bí ẹni fa òkété nínú ihò.

A sá lọ sórí àpáta. N kò ní ohun ìbora mọ́. Bàbá Ọdẹ na kúbùsù rẹ̀ sí mi, ó ní, "Gbà, ìwọ ni o ní ọmọ kéékèèké nílé." Òun jókòó ti iná títí ilẹ̀ fi mọ́. Bí a ti délé ni ikọ́ gbé e, ikọ́ sì di òtútù àyà. Ọjọ́ mọ́kànlá ni ó lò ní ọsibítù. Dókítà kò sọ pé òru orí àpáta ni ó fà á, ṣùgbọ́n bí mo bá jókòó tì í, n kò lè wò ó lójú.

Níbẹ̀ ni mo ti tún àlẹ̀mọ́ àpò náà kà. Lẹ́yìn 20 náà, lẹ́tà F kékeré kan wà tí ó ti ń pa rẹ́. Ọjà Amẹ́ríkà ni, òṣùwọ̀n Fahrenheit ni wọ́n sì ń lò níbẹ̀. Yọ 32 kúrò, fi 5 sọ ọ́ di púpọ̀, fi 9 pín in: 20 tiwọn jẹ́ nǹkan bí 7 nísàlẹ̀ òdo lórí òṣùwọ̀n tiwa. Òtútù tí omi fi ń dì ni wọ́n rán àpò náà fún! Èmi tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò yìí lójú pátákó ni mo kùnà rẹ̀ lọ́jà.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọdẹ ẹgbẹ́ mi, ẹ gbọ́ ohun tí mo ti kọ́.

Èkíní, ẹ wo bóyá C ni tàbí F. 50 ti Amẹ́ríkà ni 10 tiwa. Àwọn àpò tí wọ́n dán wò ní ìlànà ilẹ̀ Yúróòpù, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2002, a máa ní nọ́ńbà mẹ́ta. "Comfort" ni ìwọ̀n tí ènìyàn fi lè sùn ní ìrọ̀rùn. "Limit" ni ibi tí ọkùnrin lè fara dà á dé bí ó bá ká ara jọ. "Extreme" kì í ṣe ti oorun rárá. Ti kí ẹ̀mí má bọ́ ni. Ti àkọ́kọ́ ni kí ẹ fi rajà. Fún ọyẹ́ ilẹ̀ wa, èyí tí "comfort" rẹ̀ wà láàrin 10 sí 15 Celsius tó. Irú rẹ̀ a sì máa fúyẹ́, nítorí ohun tí wọ́n kì sínú rẹ̀ kò pọ̀.

Èkejì, ẹ mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Ìyẹ́ pẹ́pẹ́yẹ fúyẹ́, ó sì móoru, bí ó bá gbẹ ni o. Bí omi bá kàn án, agbára rẹ̀ tán, kì í sì í tètè gbẹ. Òwú tí ilé iṣẹ́ ṣe wúwo díẹ̀ jù ú lọ, ṣùgbọ́n ó ṣì ń móoru díẹ̀ bí ó bá tutù, ó sì tètè ń gbẹ. Fún etí odò àti àsìkò òjò, òwú yìí ni mo fara mọ́.

Ẹ̀kẹta, síìpù. Ẹ ra èyí tí síìpù rẹ̀ gùn dé ẹsẹ̀, tí a lè fà láti inú àti láti òde. Ẹ wọ inú rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń tà á, ẹ di ojú, kí ẹ jáde kíá. Ẹ má ka ẹ̀rín àwọn ará ọjà sí.

Ẹ̀kẹrin, ilẹ̀. Ohun tí ara wa bá tẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú àpò kì í móoru mọ́, ilẹ̀ yóò sì máa fa ooru ara wa lọ. Ẹ tẹ́ tapólì nítorí ọ̀rinrin, kí ẹ tẹ́ ẹní lé e.

Ẹ̀karùn-ún, bí àpò náà bá jẹ́ aláwọ̀ ewé tàbí aláwọ̀ ilẹ̀, ẹ so aṣọ funfun mọ́ ibi tí ẹ sùn sí, kí ọdẹ mìíràn má baà fi yín pe ẹran. Nílé, ẹ sá a sóòrùn, kí ẹ fi í kọ́ gbẹrẹgẹdẹ. Bí a bá ká a mọ́ra fún ọjọ́ pípẹ́, kì í wú dáadáa mọ́.

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, Bàbá Ọdẹ gbádùn, ṣùgbọ́n kò bá mi dẹ̀gbẹ́ mọ́. Bí mo bá ti di ẹrù, yóò ní kí n gbé àpò tuntun náà wá. Yóò fa síìpù rẹ̀ lọ, yóò fà á bọ̀, ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Nígbà náà ni yóò tó wí pé, "Èyí gbọ́ èdè ìjàlọ. Máa lọ, Tíṣà, ìgbẹ́ á gbè ọ́."